Ṣé ọdọọdún ni òfin ní ká máa kọ́ òṣìṣẹ́ ní CPR ni, àbí ẹnìkan ń wá owó mi?

Olómi Gánmọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi, ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ gùn díẹ̀. Mo ní fákítìrì píọ̀-wọ́tà kan ní Gánmọ níbí, àwa tí a wà níbẹ̀ jẹ́ 62 tí mo bá ka àwọn tó ń kó omi sọ́kọ̀ mọ́ ọn, tọ̀sán tòru la sì ń ṣiṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́dún tó kọjá mo mú olùkọ́ kan wá, ó kọ́ èèyàn 5 nínú wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí kò mí mọ́, CPR yẹn, ó fún wọn ní káàdì, wọ́n kọ ọ́ sára káàdì pé ọdún 2 ló máa lò. Àfi bó ṣe pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ó ti pé ọdún kan o, pé òfin ní ká máa tún un ṣe lọ́dọọdún, pé bí mi ò bá ṣe é ìjọba á wá ti ibẹ̀ pa. Iye tó wá dá lé e, mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ni kò gbọ́ dáadáa.

Kí n tó dá a lóhùn, mo pe ọ̀kan nínú àwọn 5 yẹn wá sí ọ́fíìsì, mo gbé tìmùtìmù àga sílẹ̀, mo ní ó yá, ẹni tó dákú nìyí, ṣe é kí n rí i. Ó kúnlẹ̀, ó wò mí, ó wo tìmùtìmù, ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ìgbà téèyàn ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná, ó rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ó ní "ọ̀gá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rántí ná". Bẹ́ẹ̀ òun ló mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wọn o. Káàdì ẹ̀ ṣì ku ọdún kan gbáko.

Ìbéèrè mi ni pé, kí lòfin sọ gan-an? Bí òfin ò bá sì sọ ọ́, kí lẹ̀yin ń ṣe níbi iṣẹ́ tiyín?

Séfítì Ọ̀gá

Ọ̀gá olómi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ní òfin Nàìjíríà ní ọdọọdún, ẹ ní kó ka ibẹ̀ sókè fún yín, kẹ́ ẹ gbọ́.

Òfin tó kan yín ni Factories Act ti ọdún 1987. Ohun tó wà níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀: kí àpótí fáàsìtì éèdì wà níbi tí ọwọ́ lè tètè tó o, tí òṣìṣẹ́ bá ju 150 lọ kẹ́ ẹ fi àpótí míì kún un fún 150 kọ̀ọ̀kan tó bá tún wọlé. Kí ẹnì kan tó ṣeé fọkàn tán máa bójú tó àpótí yẹn, tí òṣìṣẹ́ bá sì ti ju 50 lọ, ẹni yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó kọ́ fáàsìtì éèdì. Ẹ̀yin jẹ́ 62, ó kàn yín nìyẹn. Kẹ́ ẹ lẹ orúkọ ẹ̀ mọ́ ara ògiri ní gbogbo yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ó tán. Kò sọ pé lẹ́yìn ọdún kan, kò sọ pé lẹ́yìn ọdún 2 tàbí 10.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti máa ń ṣubú ni ọ̀rọ̀ kékeré kan tó wà níbẹ̀ pé ẹni yẹn gbọ́dọ̀ wà nítòsí ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Ẹ ní tọ̀sán tòru lẹ ń ṣiṣẹ́. Nínú àwọn 5 yẹn, mélòó ló ń wá lóru?

Ọdún 2 tí wọ́n kọ sára káàdì, ẹni tó ṣe káàdì ló fi síbẹ̀. American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà, ọdún 2 ni tiwọn, Red Cross ti Amẹ́ríkà náà ọdún 2. Kò burú, ẹ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń sọ: ohun tí òfin sọ, ohun tí káàdì sọ, àti ohun tí kọ́sítọ́mà yín kọ sínú àdéhùn. Tí ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ra omi lọ́wọ́ yín bá kọ ọ́ pé ọdọọdún, ọdọọdún náà nìyẹn, nítorí ẹ ti fọwọ́ sí i. Àmọ́ àdéhùn nìyẹn, kì í ṣe ìjọba.

Olómi Gánmọ

Ọ̀gá séfítì, ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè yín nípa òru yẹn, ó wọ̀ mí lára. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í wá lóru. Gbogbo àwọn 5, ọ̀sán.

Onípákó

Hẹ̀n hẹ́n! Ẹ wá ní kẹ́ni tó bá fẹ́ dákú dúró dìgbà tílẹ̀ máa mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Leeds

Ẹ kú ilé o. Ọmọ Ọmù-Àrán ni mí, UK ni mo wà, wíàháòsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún fáàsìtì éèdì. Òfin tiwa níbí ti ọdún 1981 ni, sátífíkéètì wa ọdún 3 ló ń lò, tí ọdún 3 bá pé o tún padà lọ jókòó. Ṣùgbọ́n HSE, àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ààbò níbi iṣẹ́, wọ́n gbà wá nímọ̀ràn pé ká máa tún un ṣe fún ààbọ̀ ọjọ́ lọ́dọọdún. Ìmọ̀ràn ni o, kì í ṣe dandan. Ilé iṣẹ́ wa ń ṣe é.

Àbúrò mi tó wà ní Ọsirélíà, tiwọn tún yàtọ̀. Fáàsìtì éèdì lódidi ọdún 3, àmọ́ ti àyà títẹ̀ nìkan, wọ́n ní kí wọ́n máa tún un kọ́ lọ́dọọdún. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún mi mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n yọ ìyẹn sọ́tọ̀, ó ní ẹni tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di bándéèjì máa rántí ẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, àmọ́ àyà títẹ̀, bí o ò bá ṣe é fún oṣù mélòó kan, ọwọ́ á ti gbàgbé.

Nọ́ọ̀sì Tańkẹ

Àbúrò Ẹ̀gbọ́n Leeds sọ òótọ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí àwa ń rí. Ẹni tí a kọ́ lónìí, tó ṣe é dáadáa tí a pàtẹ́wọ́ fún, láàárín oṣù 3 sí 6 ọwọ́ ẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Kì í ṣe pé kò lọ́pọlọ o, iṣẹ́ ọwọ́ tí a kì í ṣe ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí American Heart Association yìí kan náà tó ń fúnni ní káàdì ọdún 2 fi ní ètò míì fún àwọn ọsibítù, tó jẹ́ pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń dánra wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí bèbí tí wọ́n ṣe bí èèyàn. Àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ọdún 2 ti jìnnà jù fún ọwọ́.

Nítorí náà ọ̀gá olómi, ẹni tó pè yín yẹn parọ́ lórí òfin, ṣùgbọ́n irọ́ ẹ̀ sún mọ́ ibi tí òótọ́ wà. Ẹ má san owó yẹn, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó síbẹ̀ títí káàdì á fi kú.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn ṣe rèé. Ẹ wá fóòmù tó le, ẹ ká a dáadáa kó ki, ẹ fi sínú àpò ìrẹsì, ẹ fi máákà fa àmì sí àárín, bèbí yín nìyẹn. Ẹ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe orí tìmùtìmù, nítorí ohun tó bá rọ̀ nísàlẹ̀ ló máa gbé agbára yín mì. Ẹ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan, ibi tó sún mọ́ ọrùn ọwọ́, sí àárín àyà, ọwọ́ kejì lórí ẹ̀, ẹ na ìgbọ̀nwọ́ yín gbọnran kó má ṣẹ́, ẹ wá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ara yín ni kó ṣiṣẹ́ kì í ṣe apá. Kó wọlẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 2. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àyà padà sókè tán kẹ́ ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ìyẹn, wọ́n á kàn fara tì í.

Bó ṣe yẹ kó yá tó: 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣáà mọ ìgbà tí èèyàn méjì bá jọ ń gún iyán nínú odó kan, tí ọmọ odó tibí ń gòkè tí tọ̀hún ń balẹ̀, gbì-gbì-gbì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó dún. Ọmọ odó ẹnì kan ṣoṣo ti lọ́ra jù.

Lórí kíkà, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi, ẹ má ka ọgbọ̀n. Èmi náà ti ṣe é rí, nígbà tí mo bá fi máa pe "mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n" tán ọwọ́ mi ti dúró. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ọgbọ̀n náà nìyẹn, lẹ́yìn náà atẹ́gùn ẹ̀ẹ̀mejì sí i lẹ́nu. Ẹ̀wá kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju sẹ́kọ́ńdù 5 sí 6 lọ, ẹ fi fóònù wò ó. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ọgbọ̀n yẹn àti atẹ́gùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó ti tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 2, kí ẹlòmíì bọ́ síbẹ̀, nítorí ó máa ti rẹ̀ yín, ẹ lè má mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín o, àmọ́ ọwọ́ á ti fúyẹ́.

Onípákó

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, èmi ní tèmi ò lè fi ẹnu kan ẹnu ẹnikẹ́ni o. Ẹ má bínú.

Nọ́ọ̀sì Tańkẹ

Mi ò bínú. Tẹ̀ ẹ́ nìkan, má dúró, ìyẹn sàn ju kóo káwọ́ gbera lọ. Àmọ́ ẹni tí omi gbé, àti ọmọ kékeré, àìrí atẹ́gùn ló sábà máa ń dá wọn dúbúlẹ̀, àwọn yẹn nílò èémí gan-an. Mo sì mọ̀ pé tó bá jẹ́ ọmọ tìẹ ni o ò ní bi mí.

Wáyàmaánì

Ẹ kú ìjókòó o. Mi ò sábà máa ń sọ̀rọ̀ níbí, kíkà ni mo máa ń kà, ṣùgbọ́n èyí kàn mí.

Ó ti pẹ́ díẹ̀, mi ò ní sọ àdúgbò. A ń wáyà ilé alájà kan, iná ò sí, gbogbo wa rò pé iná ò sí, àfi bí wọ́n ṣe mú un dé lójijì, tí ọmọ iṣẹ́ tó wà lórí àkàbà gbá wáyà mú. Ó ṣubú. Ó wà nílẹ̀ ó lajú sílẹ̀, ó ń mí gbáà, ó dákẹ́, ó tún mí gbáà, bí ẹja tí wọ́n fà jáde lódò. Gbogbo wa pariwo pé ó ń mí, ó ń mí, Alihamudulilai. Ẹnì kan lọ gbé omi, ó dà á sí i lójú. Ẹnì kan ní ká wá ṣíbí. Wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà, ẹnì kan níwájú ẹnì kan lẹ́yìn, orí ẹ̀ ń mì lọ mì bọ̀ lórí èjìká ẹni tó wà lẹ́yìn, wọ́n gbé e lọ. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé ọsibítù ó ti tán.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa, ni olùkọ́ wa ní mímí gbáà-gbáà yẹn, kì í ṣe pé onítọ̀hún ń mí, ọkàn tó ti dúró ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Mo dìde mo jáde. Mi ò lè jókòó.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn, ẹ kọ́ wọn ní ìyẹn ṣáájú. Àti pé kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ká má lọ ní òkú méjì. Tí wọn ò bá rí ibi tí wọ́n ti lè pa á, igi gbígbẹ ni kí wọ́n fi tì í kúrò, ìyẹn fún iná inú ilé o, tó bá jẹ́ wáyà ńlá ti ojú títì, kẹ́nikẹ́ni má sún mọ́ ọn títí wọ́n á fi pa á láti ọ̀hún.

Ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ àwa oníná ni CPR yìí ti jáde? Àwọn ilé iṣẹ́ iná Amẹ́ríkà ló ń kówó sílẹ̀ nígbà yẹn nítorí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń kú lórí òpó. William Kouwenhoven tó ṣe ìwádìí ẹ̀ ní yunifásítì Johns Hopkins, ẹnjiníà iná ni, kì í ṣe dókítà. Òun, Jude àti Knickerbocker tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1960 pé téèyàn bá ń fi ọwọ́ lásán tẹ àyà láti òde, ẹ̀jẹ̀ á máa rìn. Mo fẹ́ràn láti máa sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, kí wọ́n má rò pé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ni.

Ìyá Búrẹ́dì Sáńgò

Wáyàmaánì, Ọlọ́run á tẹ́ ọmọ iṣẹ́ yẹn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ má dá ara yín lẹ́bi mọ́.

Èmi fẹ́ béèrè nǹkan tí ẹ̀yin ọkùnrin ò sọ. Ní bekìrì tèmi obìnrin ló pọ̀ jù, nígbà kan ooru ààrò mú ọ̀kan nínú wọn, ó ṣubú lulẹ̀ pì. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti kọ́ nǹkan yìí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, wọ́n ń pè mí, "Ìyá, ẹ máa bọ̀ o, ẹ máa bọ̀ o", èmi sì wà ní Ọjà Ọba! Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run pé òòyì lásán ni, ó jí fúnra ẹ̀. Mo bínú sí wọn títí, ẹni tó kọ́ ọ wá ní "Ìyá, àyà obìnrin ni, ọkọ ẹ̀ ńkọ́?" Kí ni kí n fún un lésì?

Alfa Gáà-Akanbí

Àsàlámù àlékúmù, Ìyá. Ẹ sọ fún un pé ohun tó bá di ọ̀ràn-an-yàn, tí ẹ̀mí ti fẹ́ bọ́, kì í ṣe ibẹ̀ la ti ń wò ó bóyá obìnrin ni tàbí ọkùnrin. Nínú Súrà Máídà, aaya 32, Ọlọ́run ní ẹni tó bá dá ẹ̀mí kan sí, ó dà bí ẹni tó dá gbogbo èèyàn sí. Kò yọ obìnrin kúrò níbẹ̀. Ọkọ tó bá ní kí wọ́n má kàn án kó kú, ẹ mú un wá bá mi.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká máa sọ òótọ́, ojú máa ń ti èèyàn, wàásù mi ò sì lè mú ìyẹn kúrò lọ́jọ́ kan. Bekìrì tí obìnrin ti pọ̀ jù, kí ló dé tó jẹ́ ọkùnrin lẹ kọ́?

Ìyá Búrẹ́dì Sáńgò

Alfa, ẹ ti mú mi. Olùkọ́ ló ní ká mú àwọn alágbára wá, mo sì mú wọn wá.

Nọ́ọ̀sì Tańkẹ

Alágbára kọ́, Mọ̀mí! Ẹni tó bá lè po ìyẹ̀fun búrẹ́dì lè tẹ àyà. Àwọn tẹ́ ẹ ní níbẹ̀ yẹn gan-an ló máa mọ̀ ọ́n ṣe jù, ara ni wọ́n fi ń pò ó kì í ṣe apá.

Ìjàkadì L'Orò

Láti Ọ̀fà o. Mo gbẹ́ kànga, bàbá mi gbẹ́ ẹ, ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti àyà títẹ̀ nìkan. Nínú iṣẹ́ tiwa ẹni tó ń kú kì í jẹ́ ẹnì kan. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi, èyí tó ń mu epo, sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, èéfín ẹ̀ á kún ìsàlẹ̀, èyí tí kò lóòórùn tí ojú ò rí ló wà nínú ẹ̀ tó ń pani. Àkọ́kọ́ á sọ̀ kalẹ̀, á dákú. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á ní ẹ jẹ́ n lọ fà á jáde. Kò ní padà. Ẹni kẹta á tún wọlé. Mo ti rí ibi tó jẹ́ mẹ́ta.

Mo ṣiṣẹ́ fún kọ̀ǹtírákítọ̀ òyìnbó kan rí, wọ́n ní òfin Amẹ́ríkà ni àwọn ń tẹ̀ lé, ó wà níbẹ̀ pé àwọn tó bá máa ń yọ èèyàn nínú ihò tàbí tánkì, kí wọ́n máa dánra wò ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù 12, kí ẹnì kan lára wọn ó kéré tán ní káàdì CPR tí kò tíì kú. A máa ń ṣe é lóòótọ́, a ń fi okùn sọ àpò yanrìn kalẹ̀, a ń fà á jáde, a ń wo iye ìṣẹ́jú. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ pé okùn gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀, pé àwa tó wà lókè la máa fà á, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọlé tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá olómi, ẹ ní tánkì tẹ́ ẹ ń fọ̀ àbí? Tí ẹnì kan ń wọ inú ẹ̀? Ẹ ronú síbẹ̀.

Olómi Gánmọ

A ní 2. Ọmọ kan ló ń wọ inú ẹ̀ fọ̀ ọ́, òun nìkan, lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa o.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè méjì ló kù. Ọ̀kan, àwọn ọmọ ń bẹ̀rù pé àwọn á fọ́ egungun èèyàn. Èkejì, ilé ìwòsàn kékeré kan wà tí kò jìnnà sí wa, ṣé ìyẹn ò tó?

Nọ́ọ̀sì Tańkẹ

Egungun ìhà lè ṣẹ́, òótọ́ ni, pàápàá lára àgbàlagbà. Tó bá dún, ẹ wò ó bóyá ọwọ́ yín ṣì wà láàárín, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Egungun á jinná. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti dúró, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fún un tó burú ju ibi tó wà lọ.

Séfítì Ọ̀gá

Lórí ilé ìwòsàn: ẹ má fi máìlì wò ó, ìṣẹ́jú ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Láàárín ìṣẹ́jú 4 sí nǹkan bí 6 tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọpọlọ, ọpọlọ á ti máa bàjẹ́. Àwọn OSHA tí wọ́n ń ṣe òfin ààbò ní Amẹ́ríkà, tí ibi iṣẹ́ bá jẹ́ irú èyí tí iná lè gbé èèyàn tàbí tí èémí lè dí, ìṣẹ́jú 3 sí 4 ni wọ́n ń fi ojú sọ́nà fún kí ìrànlọ́wọ́ dé. Ẹ gbé òṣìṣẹ́ kan, ẹ ní kó rìn láti ẹ̀yìn máṣíìnì dé ilé ìwòsàn yẹn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ẹ wò ó. Tẹ́ ẹ bá wá rò pé ẹ máa gbé e láti Gánmọ dé Teaching Hospital ní Ìlọrin, ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn. Ẹ pe 112, kí ẹnì kan máa pè, kí ẹlòmíì ti wà lórí àyà.

Kẹ́ ẹ sì ra ìwé kan. Ọjọ́, orúkọ, ẹni tó ṣe é, ìfọwọ́sí. Tí àwọn Mínísírì Lébà bá dé, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n pẹ̀lú káàdì.

Ẹ̀gbọ́n Leeds

Ọ̀rọ̀ àpò ìrẹsì tí nọ́ọ̀sì sọ, kẹ́nikẹ́ni má rẹ́rìn-ín sí i. Resusci Anne, bèbí tí a fi ń kọ́ni níbí, Asmund Lærdal, ará Norway kan tó ń ṣe bèbí ìṣeré fún àwọn ọmọdé, ló ṣe é jáde lọ́dún 1960. Ọ̀rọ̀ bèbí ló ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Olómi Gánmọ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo pe olùkọ́ yẹn padà, mo ní kó ka ibi tí òfin ti sọ ọdọọdún fún mi lórí fóònù. Ó ní òun á pè mí padà. Kò tíì pè. Nígbà tí káàdì bá pé ọdún 2 a máa wá ẹni tó máa tún un ṣe fún wa, bóyá àwọn Red Cross, a máa fi 4 tó ń ṣiṣẹ́ òru kún un, 2 nínú wọn obìnrin.

Ní báyìí ná, Sátidé tí a ń san owó ọ̀sẹ̀ la mú. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kẹ́nikẹ́ni tó gba owó ó kọ́kọ́ tẹ àpò fún ìṣẹ́jú 2. Sátidé yìí la bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò bá wá wò wọ́n! Gbogbo wọn ló yára jù, wọ́n fẹ́ gbowó. Ọmọ tó ní ẹ jẹ́ n rántí lọ́jọ́sí, ẹ̀wá ẹlẹ́ẹ̀kejì ni èémí ẹ̀ ti ń lọ sókè sódò, ó wo ojú mi, mo ní máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Àwọn obìnrin tó ń di omi, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wa lọ, nọ́ọ̀sì, ẹ jàre. Èmi gan-an ṣe é. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí títí di òní.

Tánkì, mo ti fòfin dè é, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá nìkan wọ̀ ọ́ mọ́, okùn ti wà.

Mo wá ní kí wọ́n gbé àpótí fáàsìtì éèdì wá, nítorí ọ̀gá séfítì. Ẹ ò ní gbàgbọ́. Sẹ́lótéèpù 2, iyọ̀ nínú ọ̀rá, Páràsítámọ̀ tó ti kú lọ́dún 2021, kọ́kọ́rọ́ tí a ti ń wá láti ọdún Ìléyá, àti ẹ̀pà bíi kọ́ńgò kan. Bándéèjì ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n ti fi so ẹ̀pà yẹn lẹ́nu.

Onípákó

Ta ló ni ẹ̀pà?

Olómi Gánmọ

Máníjà. Òun ni orúkọ ẹ̀ wà lára ògiri.